Mo Wá Ìwà Tiransísítọ̀ Dé Táíwàn

Ẹ̀yin ará Ṣàgámù tẹ́ ẹ ń sọ káàkiri pé ọmọ Àlájì Mùfútáù ti lọ kó góòlù ní Dùbáì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ ní ọkọ ni mo lọ fẹ́, mo gbọ́ tiyín náà. Táíwàn ni mo lọ. Erékùṣù kan ni, lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì lò níbẹ̀. Mi ò kó góòlù, mi ò fẹ́ ọkọ. Ìwà tiransísítọ̀ ni mo wá lọ. Mo rí i, àmọ́ ibi tí mo fọkàn sí kọ́ ni mo ti rí i.

Bàbá mi ti fún mi láyè kí n sọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sọ pé mo tú àṣírí ilé.

Ohun tó lé mi jáde nílé

Kí wọ́n tó bí mi ni Bàbá mi ti ń ta obì ní Sábó. Ẹni tó bá mọ ọjà obì mọ̀ pé imú ni wọ́n fi ń ṣe é. Inú agbọ̀n ni obì ń gbé, ewé ni a fi ń bò ó, bí àárín rẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tó fẹ́ bàjẹ́, ojú ò lè rí i láti òkè. Bàbá mi á ṣí ewé díẹ̀, wọn á ki imú bọ̀ ọ́, wọn á fà á lẹ́ẹ̀kan péré. "Èyí dáa," tàbí "Ẹ tètè tú èyí." Bí imú Àlájì bá ti wọ inú agbọ̀n, àwọn oníbàárà tó ń ti òkè Ọya wá kì í tún un yẹ̀ wò mọ́.

Ní èṣí, òtútù kan mú wọn. Òtútù lọ, ó kó òórùn lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Mo dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ti pàdé mi lẹ́nu géètì, Bàbá mi sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo wò wọ́n, wọ́n wò mí.

"Ràlí, má wí fún ẹnikẹ́ni o," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Sábó, tèmi ti parí nìyẹn."

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá mi kì í bẹ èèyàn, wọ́n sì bẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ ni màá fi ṣe imú fún wọn. Mo ṣe kinní kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń mọ ìgbà tí inú agbọ̀n bá ń gbóná kọjá ààlà, tó sì máa dún. Bàbá mi sọ ọ́ ní Imú. Imú máa ń sùn ni, á jí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, á wo bí ara agbọ̀n ṣe rí, á tún padà sùn. Mo ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí n tó ṣe é, kọ̀ǹpútà sì ní bátìrì kan ṣoṣo á gbé e fún ọdún méjì. Mo fọ́nnu títí. Ní ọjọ́ kejìlélógún, bátìrì kú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún kú ní ọjọ́ kejìlélógún. Nígbà tí yóò fi kú lẹ́ẹ̀kejì yìí, agbọ̀n mẹ́ta ti bàjẹ́ kí a tó mọ̀, àwọn ará ìsọ̀ sì ti ń wo Bàbá mi tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní òjò ló fà á. Nílé, wọ́n sọ fún mi pé bí mi ò bá rí nǹkan ṣe sí i kí àsìkò obì tó tún dé, àwọn á ti ìsọ̀, àwọn á ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn.

Ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé, mi ò ní pẹ́. Tiransísítọ̀ dà bíi táàpù fún iná mọ̀nàmọ́ná: ó ń ṣí i, ó ń pa á. Tí a bá fẹ́ mọ iye iná tí ẹ̀rọ kan máa jẹ kí a tó ṣe é, a kì í kó tiransísítọ̀ gidi sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé tó sọ ìwà rẹ̀ la máa ń fún kọ̀ǹpútà kà, módẹ́ẹ̀lì ni àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Èyí tí mo lò, inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti dà á kọ, ó sì sọ pé bí táàpù bá ti pa, ó pa nìyẹn. Irọ́ gbuu. Táàpù ilé yín ńkọ́? Ó ń kán tó, tó, tó. Kinní tó jẹ́ pé oorun ló ń sùn ní gbogbo ìgbà, kíkán yẹn ló ń mu bátìrì rẹ̀ gbẹ. Módẹ́ẹ̀lì tó sọ òótọ́ ni mo nílò. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tiransísítọ̀. Òmíràn ò fèsì, òmíràn ní kí n lọ mú lọ́yà wá ná. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Táíwàn wá pè mí fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ń ká aṣọ.

Ajá tó mọ obì

A kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Bàbá mi ṣa obì àbàtà mẹ́wàá, wọ́n fi ewé wé e, wọ́n fi sínú báàgì mi pẹ̀lú àdúrà. Ojú àánú ni mo fi ń wo àwọn tó gbé ṣokoléètì dání nínú bàálù.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Táíwàn. Ilẹ̀ ń dán, gbogbo èèyàn ń tò láìsí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n tò. Mo ń retí báàgì mi nígbà tí ajá kékeré kan tí etí rẹ̀ gùn gbọọrọ wá bá mi, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò gbó, kò bú mọ́ mi. Ó gbóòórùn báàgì mi, ó jókòó tì í, ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tú ewé náà jẹ́jẹ́. Ó ní òfin ò gba ohun ọ̀gbìn tútù wọlé. Mo ní ẹ̀bùn ni, pé bàbá mi ló fi ránṣẹ́. Ó tẹrí ba, ó bẹ̀ mí. Ó gba obì, ó tún bẹ̀ mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi ní ìwé tó fi hàn pé òun ti gbà á, ó sì bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn rí. Inú bí mi, mi ò sì rí ẹni tí màá bínú sí, nítorí ajá náà ò ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òfo ni mo fi wọ ìlú wọn.

Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbé omi wá

Ẹni tó gbà mí lálejò ni Dókítà Wú, obìnrin tí kò lè fi ọdún méjì jù mí lọ, tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá tó sì ń rìn kíákíá. Ó mú mi yíká ibi iṣẹ́ wọn. Ní kọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí, irun wọn funfun, jígí méjì wà lójú wọn, ọ̀kan lórí èkejì. "Bàbá Lín nìyí," ni Dókítà Wú wí. "Wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lọ."

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ń ṣe bó bá rí àgbà? Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Bàbá Lín ké! Wọ́n fò dìde, wọ́n gbá mi lápá mú, wọ́n ń pariwo ohun tí mi ò gbọ́. Ẹnì kan sáré gbé àga wá, Dókítà Wú gbé omi. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi, pé ọ̀nà tó jìn ló ti pa mí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàlàyé pé kíkí ni mo ń kí wọn. Bàbá Lín mi orí, wọ́n fọwọ́ sí àyà. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ eékún wọn díẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ó di eré àwa méjèèjì.

Bí ẹ ṣe mọ̀, àlejò a lójú ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Nínú ọkọ̀ ojú irin wọn, Ìyá mi pè mí, mo gbé e, mo sì kí wọn bí a ṣe ń kí Ìyá ẹni, mo kí wọn kú ilé, mo kí wọn kú ojúmọ́, mo béèrè gbogbo ará àdúgbò. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ọkọ̀ ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bú mi. Àmọ́ ó yé mi pé èmi nìkan ni mo ń mí sókè nínú ọkọ̀ náà. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí wo aṣọ ìborí mi títí, ó na ìka fọwọ́ kàn án, ó mi orí pé ó dára, ó sì yọ gúáfà kan nínú àpò rẹ̀ fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ló fi fún mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Ìyẹn náà mo ti ń kọ́ ọ.

Ebi, ata, àti ohun tó ń rùn

Bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn ò lè wọ̀ ọ́. Mùsùlùmí ni mí, ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú ohun gbogbo níbẹ̀. Ó wà nínú ọbẹ̀, ó wà nínú búrẹ́dì, wọ́n ń wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ bí ìgbà tí à ń wọ́n gààrí sórí ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyin sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo jẹ, títí ẹyin fi sú mi. Ọ̀nà gbogbo ni wọ́n sì ti ń bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ìkíni wọn ni, bí a ti ń sọ pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, wọn ò retí àlàyé. Mo máa ń ṣàlàyé.

Ọjọ́ Sátidé kan, mò ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, òórùn kan gbá mi nímú. Mo dúró sójú kan. Irú! Mo ní lórí ẹ̀mí mi, irú ni. Mo tẹ̀ lé imú mi, mo yí igun méjì, mo bá ọkùnrin kan tó ń dín wàrà sóyà tí wọ́n ti jẹ́ kó kan. Kì í ṣe irú, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá irú ni. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá bo imú wọn, èmi dúró síbẹ̀, omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí èéfín. Bàbá mi ni mo rántí. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀ báyìí, wọn ò ní gbóòórùn nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo ti rí ilé oúnjẹ Ìyá Síti, obìnrin ará Indonéṣíà. Bó ṣe rí aṣọ ìborí mi, ó sálámà sí mi. Mo dáhùn, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Ó bu ìrẹsì fún mi, ó bu adìẹ sí i, ó wá gbé ata kan kalẹ̀. Ó ní kí n rọra o, pé ata yẹn le. Mo wò ó. Mo ní, "Ọmọ Rẹ́mọ ni mí." Mo da gbogbo ata náà sórí ìrẹsì. Ó le lóòótọ́. Mo sunkún, mo sì jẹ ẹ́ tán, nítorí orúkọ ìlú ti wọ̀ ọ́.

Yàrá tí nǹkan ò lè bá èèyàn jáde

Dókítà Wú wá mú mi wọ yàrá tí mo torí rẹ̀ fò kọjá òkun. Módẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, àwọn tó péye, tó sọ bí tiransísítọ̀ ṣe ń jò sí nínú òtútù àti nínú ooru. Mo fọwọ́ síwèé kí n tó wọlé. Mo fi fóònù sílẹ̀ níta. Kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ kò ní ojú ihò kankan tí èèyàn lè ki nǹkan bọ̀. Mo lè wò ó, mo lè lò ó níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ sílé, inú orí mi nìkan ni mo lè gbé e sí, ìwé náà sì ní orí mi pàápàá gbọ́dọ̀ gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín, Dókítà Wú ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó tún burú jù ni pé mo lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá yẹn kó tó yé mi pé kò sí tèmi níbẹ̀. Tiransísítọ̀ tuntun wọn ni wọ́n ṣàpèjúwe, àwọn tí wọ́n fi ń ṣe fóònù olówó iyebíye. Èyí tí mo rà lọ́jà ẹ̀rọ ní Èkó, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé iṣẹ́ tó bí i, kò sí ẹni tó jókòó sọ ìwà rẹ̀ rí.

Mo jáde, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Lín, mo sọ fún wọn pé mo ti ṣòfò ìrìn-àjò. Fóònù wọn ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti ẹ̀rọ àti ti imú Bàbá mi. Mo rò pé níwọ̀n bó ti jìnnà tó, àṣírí náà ò lè rìn padà sí Sábó.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ṣé o mú wọn wá?"

"Kí ni?"

"Tiransísítọ̀ rẹ."

Mo mú wọn wá, mẹ́tàdínlógún, nínú agolo mílíìkì tí Ìyá mi fọ̀. Mo kàn kó wọn dání ni, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bàbá Lín da wọn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi jígí wọn méjèèjì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ìwà ẹnì kan, inú ìwé ẹlòmíì kọ́ la ti ń wá a. Òun fúnra rẹ̀ la máa ń bi. Jókòó."

Bí a ṣe ń bi tiransísítọ̀ léèrè ọ̀rọ̀

Iná tó ń jò lára táàpù tó ti pa kéré débi pé bí èèyàn bá kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n, nọ́ńbà á fò. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ á tan ẹ̀rọ, wọ́n á ka ohun tó kọ, wọ́n á lọ. Bàbá Lín kì í kánjú. Wọ́n á tan iná, wọ́n á wá yọ èso kan jáde nínú páálí kékeré, èso tó kéré ju obì lọ, tí wọ́n fi ewé tútù wé, wọ́n á jù ú sẹ́nu, wọ́n á máa jẹ ẹ́ títí ẹnu wọn á fi pọ́n. Dókítà ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́, ìyàwó wọn náà ti fòfin dè é, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé ilé. "Bí mo bá jẹ ẹ́ tán," ni wọ́n wí, "ìgbà yẹn ni nọ́ńbà náà máa tó dúró. Ohun tó bá sọ ṣáájú ìgbà yẹn, irọ́ ni." Wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Ó gbóná láyà mi, òógùn bò mí, mo tu ú dànù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. A fi ohun tí a rí kọ módẹ́ẹ̀lì, a kó o fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní oṣù mẹ́jọ. Ó sàn ju ọdún méjì lọ, ṣùgbọ́n irọ́ ṣì ni. Ọjọ́ kejìlélógún ni bátìrì wa kú.

Bàbá Lín ronú. Wọ́n ní, "Inú yàrá tútù yìí la ti bi í. Níbo gan-an ló ń gbé nílé yín?"

"Nínú agbọ̀n."

"Apá ibo nínú agbọ̀n?"

Ara etí agbọ̀n lókè ni mo ní kí Bàbá mi so ó mọ́. Ṣùgbọ́n Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé, bátìrì bá ti kú ni wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á sì ti nù ún mọ́ tónítóní. Ọwọ́ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa ní Táíwàn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Ṣàgámù. Mo pè wọ́n.

"Ràlí! Ṣé wo ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá. Ẹ kú àárọ̀. Imú yẹn, báwo lẹ ṣe máa ń gbé e sínú agbọ̀n?"

"Báwo ni mo ṣe ń gbé e? Bí a ti í gbé obì náà ni. Màá fi ewé wé e ní ìṣẹ́po mẹ́ta, màá wọ́n omi sí i, màá wá tẹ̀ ẹ́ bọ àárín dede obì."

"Omi ni, Bàbá?"

"Kó má baà gbẹ ńkọ́? Ohun tó bá gbẹ nínú agbọ̀n, kò ní bàjẹ́ ni? Wo ṣáà kàwé ni, obì ò yé ẹ."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti tọ́jú ẹ̀rọ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fi ewé tútù bò ó mọ́lẹ̀ láàárín obì tó ń mí, tó ń làágùn, tó ń gbóná.

Nígbà tí fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá Lín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé èso bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n wá gbé òmíràn sókè, èyí tí wọn ò tíì jẹ, wọ́n fi ewé tó wà lára rẹ̀ hàn mí. "Bàbá rẹ ò ṣe àṣìṣe," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni o ò béèrè."

Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni. Mo tún pe ilé, mo bẹ Ìyá mi kí wọ́n bá mi wo bí àárín agbọ̀n ṣe gbóná tó. Tẹmómítà tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò ni wọ́n kì bọ inú obì. Wọ́n pè mí padà: "Méjìdínlógójì. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, mà bá ti fún un lóògùn."

A lọ ra ewé lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta èso Bàbá Lín. A wé ẹ̀rọ mi ní ìṣẹ́po mẹ́ta, a wọ́n omi sí i, a gbé e sínú ààrò ìdánwò wọn ní ìwọ̀n méjìdínlógójì. Àwọn ọ̀dọ́ dúró yí wa ká, wọ́n ń ya fọ́tò. Dókítà Wú wá wò ó, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì gbọ́ módẹ́ẹ̀lì tiransísítọ̀ tó wé ewé rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bi í ní ìbéèrè. Àìmọye èso ni Bàbá Lín jẹ. Ọ̀rinrin ń la ojú pátákó ẹ̀rọ kọjá, ooru ń jẹ́ kí táàpù kán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo rẹ̀ la sì kọ sínú ìwé ìwà náà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo kó o fún kọ̀ǹpútà, mo bi í léèrè iye ọjọ́ tí bátìrì máa lò. Ó dáhùn: ọjọ́ mọ́kànlélógún ààbọ̀.

Mo pariwo. Nínú ilé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ sókè, mo pariwo, mo jó. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gboyè. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń jó nítorí pé kọ̀ǹpútà sọ fún un pé bátìrì rẹ̀ á tètè kú. Bàbá Lín dìde, wọ́n tẹ eékún wọn méjèèjì, lọ́tẹ̀ yìí ó kan ilẹ̀, èmi ni mo sáré gbé àga wá.

Ẹni tó bá ti mọ òótọ́ lè tún nǹkan ṣe. A ṣa tiransísítọ̀ mìíràn tí kì í jò púpọ̀, mo fi ìda bo gbogbo ara ẹ̀rọ kí omi má ráyè, mo sì tún un tò. Kọ̀ǹpútà ní oṣù mẹ́wàá, nínú ewé, nínú omi, nínú ooru. Kò tó ọdún méjì tí mo fi fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó kọjá àsìkò obì kan.

Àjò ò dùn kónílé má relé. Ìyá Síti di ata fún mi nínú ìgò. Bàbá Lín fi ọwọ́ méjèèjì fún mi ní ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ. Kò sí ẹni tó ní kí n fọwọ́ síwèé kí n tó gbà á.

Sábó

Ọjọ́ kejìlélógún tí Imú tuntun wọ agbọ̀n kọjá. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, mo wà nínú kíláàsì, Bàbá mi pè mí: "Ó ń mí o." Wọ́n pa fóònù.

Ní oṣù kẹrin tí Imú tuntun dé, lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ kí wọn ní ìsọ̀. Màlámù Gárùbá, oníbàárà wọn láti ọjọ́ pípẹ́, wà níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ń retí ẹrù. Àwọn àgbà onísọ̀ mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àlájì Sàká, tí wọ́n máa ń bá Bàbá mi du ipò imú tó mú jù ní Sábó, wà láàárín wọn. Bàbá mi ṣí ewé agbọ̀n kan, wọ́n ki imú bọ̀ ọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n fà á.

"Èyí dáa," ni wọ́n wí.

Àfi bí Imú ṣe dún. Láti inú agbọ̀n náà gan-an. Ó ń ké kíní-kíní-kíní, gbogbo ìsọ̀ sì yíjú.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi wàrà, mo ní, "Fóònù mi ni o, ẹ má bínú." Bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wo agbọ̀n náà, wọ́n wo Màlámù.

"Kì í ṣe fóònù," ni wọ́n wí. "Ẹ tú u."

Wọ́n tú u. Òkè dára, àárín gbóná, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu, funfun ti bò wọ́n. Bàbá mi yọ Imú láti inú ewé, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo wọn lè rí i.

"Màlámù, mo ní ó dáa, kò dáa. Láti èṣí ni mi ò ti gbóòórùn mọ́. Kinní tí ọmọ mi ṣe yìí ló ń bá mi gbóòórùn. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ."

Ojú mi ti kún fún omi. Màlámù Gárùbá wo kinní náà, ó wo Bàbá mi, ó ní, "Àlájì, imú èèyàn, imú ẹ̀rọ, obì tó dáa ni mo fẹ́ rà. Ẹ gbé agbọ̀n mìíràn wá." Ṣùgbọ́n Bàbá mi ò gbọ́, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń wò, wọ́n ń retí ẹ̀rín.

Àlájì Sàká wúkọ́. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n tún bọ́ fìlà wọn.

"Láti èṣí kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Tèmi ti pé ọdún mẹ́fà."

"Ẹ̀yin náà?" ni Bàbá mi pariwo.

"Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe," ni bàbá kẹta wí láti ìdí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì nawọ́ sí imú ara wọn.

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn àgbà márùn-ún tí àwọn oníbàárà ń torí imú wọn wá sí Ṣàgámù, ẹnì kan péré ló ṣì ń gbóòórùn, òun náà sì ní ihò òsì imú òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màlámù fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Láti ọjọ́ ẹ̀wà tó jóná, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n ṣe mẹ́rin sí i. Àlájì Sàká pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó lọ, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí tàwọn má ṣe dún sókè tó bẹ́ẹ̀.